Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ tó gbé apá kejì The Promised Neverland jáde

Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún 2021, tí apá kejì ánímè (eré àwòrán ilẹ̀ Japan) tí ẹ ṣe láti inú máńgà (ìwé ìtàn alàwòrán) The Promised Neverland ti jáde. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, kí n tó gbé kálámù. N kò wá bú ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń ya àwòrán, àwọn tó ń kùn ún ní ọ̀dà, àwọn tó ń fi ohùn sí i, n kò bá wọn ní ẹjọ́ kankan. A mọ bí iṣẹ́ wọn ṣe ń gba oorun lójú ẹni. Ẹ̀yin tí ẹ fi owó sílẹ̀, tí ẹ pinnu iye ìpín tí eré náà máa ní, tí ẹ pinnu ohun tó máa wọ inú rẹ̀ àti ohun tí ẹ máa gé dànù, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́. Apá kìíní tí ẹ gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019 dára. Èmi tí mo ti ka ìwé náà, tí mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, àyà mi ṣì ń já nígbà tí Emma àti Norman, ọmọ méjì nínú ilé àwọn aláìlóbìí, mú ehoro aláṣọ Conny, ọmọ ilé wọn, lọ́wọ́, tí wọ́n ń rìn lọ sẹ́nu géètì tí Màmá tó ń tọ́ wọn ti kìlọ̀ pé ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ dé. Ẹ fi sùúrù ṣe é. Orí 37 péré ni ẹ fi ìpín 12 sọ. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé yẹn gùn, kí ó ṣókùnkùn, kí Isabella, Màmá yẹn, máa rìn bọ̀ wẹ́rẹ́ láìsọ nǹkan kan, títí ẹ̀rín músẹ́ rẹ̀ fi ń bà wá lẹ́rù ju iwin lọ. Orin rẹ̀ tí Takahiro Obata ṣe, èyí tí kò ní ọ̀rọ̀, tó kàn ń kùn ún lẹ́nu ṣáá, a ti gbọ́ ọ tó ìgbà mélòó kan kí a tó mọ̀ pé orin yẹn ló máa tú àṣírí pé Ray, ọ̀rẹ́ Emma àti Norman, ni ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe.

Òótọ́ ni pé ẹ ti ń gé nǹkan láti ìgbà yẹn. Nínú ìwé, a máa ń gbọ́ èrò inú Emma, Norman àti Ray, ìṣirò lórí ìṣirò. Nínú eré, ojú wọn nìkan la rí. Àwọn kan bínú sí i. Èmi kò bínú. Mo rí i pé ẹ fẹ́ kí òǹwòran náà wà nínú ìfura bíi tàwọn ọmọ yẹn, kó má mọ ẹni tó yẹ kó gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ mú nǹkan kan kúrò, ẹ sì fi nǹkan mìíràn dí àlàfo rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe kà mí mọ́ àwọn tó ní gbogbo ìlà inú máńgà gbọ́dọ̀ wọ inú ánímè bó ṣe wà.

Fún ẹni tó bá ń ka lẹ́tà yìí tí kò mọ ìtàn náà, ṣókí ni mo máa sọ ọ́. Àwọn ọmọ aláìlóbìí kan ń gbé ní ilé kan tó dára, Grace Field. Aṣọ wọn funfun, oúnjẹ wọn dára, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe ìdánwò, nọ́ńbà sì wà lára ọrùn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá rí ẹni gbà á tọ́, ó lọ nìyẹn; kì í kọ lẹ́tà padà sílé. Lálẹ́ ọjọ́ tí Conny kékeré lọ, Emma àti Norman bá òkú rẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n ti fi òdòdó pupa kan gún un láyà. Oko ni ilé yẹn. Àwọn iwin ló ni ín, àwọn ọmọ náà sì ni ẹran ọ̀sìn ibẹ̀. Màmá tí wọ́n fẹ́ràn ni olùṣọ́ oko. Wọ́n gbìmọ̀, wọ́n pète; wọ́n mú Norman lọ kí ọjọ́ tó pé, a sì rò pé ó ti kú; ọmọ 15 sì fo ògiri sá lọ. Emma fi àwọn kéékèèké sílẹ̀, ó bá Phil tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ ṣe àdéhùn pé òun máa padà wá kó wọn.

Ibi tí apá kìíní dúró nìyẹn. Kaiu Shirai tó kọ máńgà náà àti Posuka Demizu tó yà á, ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2016 tí ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ Weekly Shonen Jump títí di oṣù kẹfà ọdún 2020 tó parí, orí 181 ló jẹ́, wọ́n sì kó o jọ sínú ìwé 20. Ìwé mẹ́rin àkọ́kọ́ àti ìbẹ̀rẹ̀ ìkarùn-ún ni sísá kúrò nílé. Èyí tó kù ló dá lórí ohun tó ṣòro ju sísá lọ: báwo lèèyàn ṣe máa gbé nínú ayé tó fẹ́ jẹ ẹ́, kí ó má sì dà bí àwọn tó ń jẹ ẹ́?

Ẹ ní apá kejì máa jáde lóṣù kẹwàá ọdún 2020. Àrùn Kòrónà sún un di oṣù kìíní ọdún 2021. Inú kò bí wa. A ní kí ẹ má kánjú. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí àkókò yẹn. Kí ìpín àkọ́kọ́ tó jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ìwé ti parí. Ọ̀pọ̀ ánímè tó yà kúrò lójú ọ̀nà máńgà ní àwíjàre: ìwé ṣì ń lọ lọ́wọ́, eré ti bá a, kò síbi tí wọ́n máa gbà. Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti la ọ̀nà fún yín dé òpin. Orí 144 ló kù nílẹ̀, ìpín 11 lẹ fi sọ ọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọkàn wa balẹ̀. Inú igbó ṣì ní ẹ̀rù, Sonju àti Mujika, àwọn iwin tí kì í jẹ ènìyàn, sì rí bí a ṣe rò pé wọ́n máa rí. Àwọn ọmọ tẹ̀ lé ohun tí kálámù William Minerva, ẹni tó ń ran àwọn ọmọ oko lọ́wọ́ ní ìkọ̀kọ̀, sọ, wọ́n dé ilé abẹ́ ilẹ̀. Nínú ìwé, wọ́n bá ọkùnrin kan níbẹ̀. Nínú eré yín, wọn ò bá ẹnì kankan. Mo jókòó, mo ń retí kó yọjú láti yàrá kan. Ìpín yẹn parí, kò yọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò yọ. Mo wá mọ̀ pé ẹ ti pa á kí ẹ tó bí i.

Yuugo ni orúkọ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kí a tó mọ̀ ọ́n, nítorí kò sọ ọ́. Òun náà sá kúrò ní oko tirẹ̀, Glory Bell, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n lọ sí Goldy Pond, òun nìkan ló bọ̀. Ọdún 13 ló fi dá gbé inú ilẹ̀ yẹn, pẹ̀lú tábìlì àti àga àwọn tí kò ní padà wá jókòó mọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ Grace Field wọlé dé, ìbọn ló fi halẹ̀ mọ́ wọn. Kò fẹ́ wọn nílé. Kò tilẹ̀ pè wọ́n lórúkọ. Irun orí Emma tó dìde ṣánṣán ló wò, ó pè é ní Áńtẹ́nà. Ray tí irun bo ojú kan, ó pè é ní Olójúkan. Ẹni tó bá yára kà á á rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Ọkùnrin tó ti pàdánù gbogbo ẹni tó mọ̀ lórúkọ ni, kò fẹ́ mọ orúkọ ọmọ mìíràn tó máa tún kú lójú rẹ̀. Ojú rẹ̀ tí Demizu yà, ojú ẹni tí oorun ti kọ̀ ni: ìpéǹpéjú tó wúwo, ẹnu tó ń ṣẹ̀fẹ̀ nígbà tí ojú kò bá a rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin yẹn kan náà ló wá di bàbá fún wọn. Ìgbà tó tún rí Lucas, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti gbà pé ó kú, lẹ́yìn ọdún 13, ṣe ni mo fi ìwé sílẹ̀ kí n tó lè máa bá a lọ. Nígbà tí àwọn apànìyàn ká wọn mọ́ ilé abẹ́ ilẹ̀ yẹn, òun àti Lucas ló dúró sẹ́yìn, tí wọ́n fi ẹ̀mí ara wọn ra àyè fún àwọn ọmọ láti sá. Àgbàlagbà àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ yẹn ní, tí kò tọ́ wọn nítorí kí wọ́n lè di ẹran, òun nìyẹn. Màmá ti kọ́ wọn pé ìfẹ́ àgbàlagbà ìdẹkùn ni. Yuugo ló wo ọgbẹ́ yẹn sàn. Ẹ mú un kúrò, ẹ kò sì fi nǹkan kan dípò rẹ̀.

Ẹ gé Goldy Pond tẹ̀ lé e. Abúlé kan tó dùn-ún wò ni, ilé aláwọ̀ oríṣiríṣi, ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí láàárín rẹ̀, àwọn iwin ọlọ́lá ló ń wá ṣe ọdẹ níbẹ̀. Orin á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní gbogbo àdúgbò, àwọn ọmọ á sì mọ̀ pé àkókò ti tó láti sá. Níbẹ̀ ni ọmọ kan, Theo, wà nígbà tí wọ́n pa àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, Jake àti Monica, níṣojú rẹ̀. Níbẹ̀ ni Leuvis wà, iwin tí ẹran tútù kò tó fún mọ́, tó jẹ́ pé ẹni tó máa bá a jà dójú ikú ló ń wá kiri. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ bíi Oliver, Gillian, Nigel àti Violet ti ń pète ní ìkọ̀kọ̀ lọ́dọ̀ Lucas, wọ́n ń dúró de ọjọ́ kan. Adam náà wà níbẹ̀, ọmọ tí kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ju 22194, nọ́ńbà ọrùn Norman, tí Emma gbọ́ tí ara rẹ̀ sì bù máṣọ.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan lórí tábìlì yín lè ní ìjà lásán ni gbogbo ìyẹn, pé a lè fò ó kí ìtàn má sì yí padà. Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi yé nìyí. Emma jà ní Goldy Pond. Leuvis gún un níkùn, díẹ̀ ló kù kó kú. Ó rí àwọn iwin tó ń fi ẹ̀mí ọmọdé ṣeré, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i. Ọmọ tó la gbogbo ìyẹn kọjá, tó sì padà dé tó ní òun kò fẹ́ kí Norman, tí kò kú mọ́ bí a ṣe rò, pa ìran iwin run, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo. A mọ ohun tó ná an. A lè bá a jiyàn, a lè ní àánú rẹ̀ ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò mọ ohun tó ń sọ. Nínú eré yín, ọmọ tí kò tíì bá wọn ja irú ìjà bẹ́ẹ̀ rí ló dúró níwájú Norman tó ń wàásù. Gbólóhùn yẹn kan náà ni, ẹnu kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ ti gbé ilẹ̀ tó dúró lé kúrò lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tí wọn kò ka ìwé sì ń sọ pé òmùgọ̀ ni Emma. Ìyẹn ló dùn mí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀, nítorí Emma kì í ṣe òmùgọ̀.

Norman náà jìyà rẹ̀. Ìpín karùn-ún ni òun àti àwọn ọmọ tún pàdé nínú eré yín. Ọ̀fọ̀ rẹ̀ kò tíì tán lára wa. Nínú ìwé, wọ́n ti dàgbà kí wọ́n tó fojú kan ara wọn, ó ti di ẹlòmíràn, ó ti ní àwọn ọmọ ogun lẹ́yìn àti ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, ayọ̀ ìpàdé yẹn sì ní ẹ̀rù nínú. Ẹ sáré débẹ̀ kí ayọ̀ tàbí ẹ̀rù tó hù.

Ìpín kọkànlá wá dé. Àwọn ọmọ kọjá sí ayé ènìyàn, Emma àti àwọn díẹ̀ ní àwọn máa dúró sẹ́yìn láti tún ayé iwin ṣe. Orin bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ń fi àwòrán hàn wá, ọ̀kan tẹ̀ lé ìkejì, àwòrán tí kò mira, tí kò sọ̀rọ̀. Ìlérí tuntun, ìyẹn àdéhùn tí Emma ṣe láti gba àwọn ọmọ oko sílẹ̀, ogun, ìyípadà ìjọba, ìdáǹdè àwọn ọmọ oko yòókù, ohun tí Shirai àti Demizu fi ọ̀pọ̀ ìwé kọ́ díẹ̀díẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà yín. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn tún pàdé, wọ́n dì mọ́ra, ó tán.

Nínú máńgà, ìlérí tuntun yẹn ní ohun tó gbà lọ́wọ́ Emma. Ó gba ẹbí rẹ̀. Ó kọjá sí ayé ènìyàn láìrántí ẹnikẹ́ni nínú wọn, ó sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó fi pamọ́ fún wọn. Àwọn yòókù wá a kiri. Ìgbà tí wọ́n rí i, kò mọ̀ wọ́n. Omijé kàn ń bọ́ lójú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìdí. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má fẹ́ràn ìparí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé kò fẹ́ràn rẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìtàn tó fi ìlérí ṣe orúkọ, tí ìlérí inú rẹ̀ kò wá ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, kí ló kù nínú rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kò yẹ kí n fò. Ẹ ti kéde pé Shirai fúnra rẹ̀ máa lọ́wọ́ sí kíkọ apá kejì, a sì yọ̀. Nígbà tó di ìpín kẹwàá, orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn tí ẹ kọ mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ìpín tó kẹ́yìn. N kò ní máa méfò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i pé orúkọ ẹni tó ni ìtàn kúrò lára ìparí ìtàn rẹ̀, ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdí.

Mo mọ bí ètò yín ṣe rí. Ilé ìtẹ̀wé, ilé tẹlifíṣọ̀n, ilé iṣẹ́ orin, oníkálukú máa ń dá owó, oníkálukú sì ní ohun tó ń wá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ánímè máa ń jẹ́ ìpolówó fún ìwé. Ìwé tó bá ti parí, ìpolówó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ wọ́n lógún mọ́. Àyè lórí tẹlifíṣọ̀n náà kò pọ̀, ẹ ti gbà á sílẹ̀, ẹ kò lè nà án. Mo gbà. Tó bá jẹ́ pé ìpín 11 nìkan ni àyè wà fún, ìpín 11 náà tó. Bí ẹ bá rìn bí ẹ ṣe rìn ní apá kìíní, nǹkan bí orí mẹ́ta sí ìpín kan, ẹ ì bá dé nǹkan bí orí 70, Emma á ti wà láàárín abúlé Goldy Pond, orin ọdẹ á ti máa dún. Ẹ ì bá dá a dúró síbẹ̀. Ká tilẹ̀ ní ẹ kò padà wá mọ́, ohun tó wà nílẹ̀ á dára, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyókù á wá ìwé lọ. Kò sẹ́ni tó fi dandan lé e pé kí ẹ parí rẹ̀. Ìparí tí ẹ fi tipátipá ṣe ló ti ilẹ̀kùn.

Àwọn kan máa ń ní kí la ń ké sí, ṣebí ìwé ṣì wà. Ìwé wà, kò sẹ́ni tó lè yọ ojú ewé kan kúrò nínú rẹ̀. Àmọ́ ánímè ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń bá pàdé. Ẹni tó wo apá kejì tí kò ka ìwé, ó rò pé bí Shirai àti Demizu ṣe kọ ọ́ nìyẹn, kò sì ní wá iṣẹ́ wọn mọ́.

Ó sì wá jẹ́ pé ìwé náà fi àyè sílẹ̀ fún yín. Èmi tí mo fẹ́ràn rẹ̀ gbà pé apá ìparí rẹ̀ yára: ìjà olú ìlú àwọn iwin, ìtàn ẹbí Ratri tó ń bójú tó àdéhùn ènìyàn àti iwin, àwọn ọmọ oko yòókù, ó yẹ kí wọ́n ní àyè sí i. Ánímè tó bá ní sùúrù ì bá fún wọn. Ẹ ní àǹfààní láti ṣe ohun tí ìtẹ̀jáde ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ kò jẹ́ kí àwọn méjèèjì ráyè ṣe. Ẹ wá fi sáré lé sáré.

Ohun tí mo ń béèrè ṣeé ṣe. Ánímè Fullmetal Alchemist ti ọdún 2003 yà kúrò lójú ìwé Hiromu Arakawa nítorí ìwé kò tíì parí. Lọ́dún 2009 wọ́n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ìpín 64, wọ́n tẹ̀ lé ìwé dé òpin. Fruits Basket ti ọdún 2001 dúró sójú ọ̀nà ní ìpín 26. Láti 2019 sí 2021 wọ́n tún un gbé, wọ́n fi ìpín 63 sọ gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi àwọn tó tún un ṣe ṣẹ̀sín. Ọpẹ́ ni wọ́n ń gbà títí dòní.

Iṣẹ́ tiyín tilẹ̀ kéré sí tiwọn, torí kò sí ohun tó ṣe apá kìíní. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí 38. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá Shirai àti Demizu, kí ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọn kò fẹ́ kí ó sọnù. Ẹ sọ iye ìpín tí owó yín ká fún wa ní gbangba kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a mọ ibi tí ẹ máa dúró, a ó sì fara mọ́ ọn bó bá tilẹ̀ jẹ́ ìdajì ọ̀nà. Tí àwọn ọmọ bá sì dé ilé abẹ́ ilẹ̀ yẹn, kí wọ́n bá Yuugo níbẹ̀.

Mo ń retí èsì yín.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé kan tó fẹ́ràn ìtàn náà